Ìbọn Tó Lọ fún Àtúnṣe

Arvil Combs ló kọ́kọ́ rí òkú náà. Oṣù mẹ́rin gbáko ni bàbá yìí ti ń wá sí ṣọ́ọ̀bù ìbọn Clovis Stroud ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tó ń bèèrè ìbọn ìléwọ́ rẹ̀ tí wọ́n ní àwọn fi ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ tó ṣe é, kí wọ́n lè bá a tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ lábẹ́ wáránti. Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, ó ti ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn ṣí, agogo orí rẹ̀ dún, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó kí i káàárọ̀. Bàbá jókòó, ó dìde, ó wúkọ́ ẹ̀tàn lẹ́ẹ̀mejì, ó sì gba yàrá ẹ̀yìn lọ. Clovis ló bá nílẹ̀ níwájú àgbá iyanrìn, ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ihò ọta wà ní ọrùn rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ti gbẹ mọ́ ọn lára.

Inú àgbá iyanrìn yẹn ni wọ́n máa ń yìnbọn sí láti dán ìbọn tí wọ́n bá tún ṣe wò. Ọta tó gba ọrùn Clovis kọjá wọ inú rẹ̀ lọ, ó lọ dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọta tó ti ń sùn níbẹ̀ láti ogún ọdún. Ohun kan ṣoṣo tí apànìyàn fi sílẹ̀ ni èèpo ọta kan lábẹ́ tábìlì.

Ní Pennick Gap tiwa níbí, ní apá òkè Kentucky, ẹ óò tètè rí ilé tí kò ní ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ju ilé tí kò ní ìbọn lọ. Síbẹ̀, kí oòrùn ọjọ́ náà tó mú, gbogbo ìlú ti mọ ẹni tó ṣe é. Mo ní wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Ìlú tó fẹ́ràn ẹjọ́ kì í dúró de ẹlẹ́rìí.

Verna Tackett ni wọ́n dárúkọ, obìnrin tó ń wa ọkọ̀ àwọn ọmọ iléèwé. Nígbà ìrúwé, ọkùnrin kan wá ń tàpá sí ilẹ̀kùn ilé ìdáná rẹ̀ lójú ọ̀sán. Verna yọ ìbọn, ó yìn ín sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tó fẹ́ yìn ín lẹ́ẹ̀kejì, ìbọn há. Ọlọ́run ló ní kí olè náà ti sá. Ó gbé ìbọn lọ bá Clovis tó tà á fún un, Clovis sì rẹ́rìn-ín níwájú èrò pé ìbọn ò ṣe nǹkan kan, ọwọ́ obìnrin ló rọ̀ jù. Verna ní kò kan òun, kí ó fi ránṣẹ́, ṣebí wáránti ìgbà ayé ìbọn wà lórí rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi lọ. Ọjọ́ Ajé tó wá gba páálí rẹ̀, ó ti ojú ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù sọ fún Clovis, etí mẹ́fà sì gbọ́ ọ: "Tó bá tún há mọ́ mi lọ́wọ́, ìwọ ni màá kọ́kọ́ fi dán an wò." Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n pa Clovis.

Verna fúnra rẹ̀ ló kó ìbọn fún ọlọ́pàá. Ní Ọjọ́bọ̀, àwọn oníṣẹ́ àyẹ̀wò ní Frankfort ní inú ìbọn Verna gan-an ni èèpo ọta abẹ́ tábìlì ti jáde. Wọ́n mú un níbi tí wọ́n ń páàkì ọkọ̀ iléèwé, lójú àwọn ọmọ. Maylee, ọmọ ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà, tí kò ní ìyá, tí kò mọ bàbá, ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba gbé lọ sílé àjèjì lálẹ́ ọjọ́ náà. Kóòtù ìdílé máa jókòó ní aago méjì ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì. Tí Verna bá ṣì wà nínú àtìmọ́lé ní aago méjì yẹn, Maylee di ọmọ ìjọba, wọn á sì gbé e lọ sí Lexington. Ẹni tó bá mọ kóòtù yẹn mọ̀ pé ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń gba ọmọ, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń dá a padà.

Aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni Orrin Bledsoe dé, ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ láti ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ìpínlẹ̀. Kúkúrú ni, orí rẹ̀ pá, etí rẹ̀ sì tóbi bí ẹni pé iṣẹ́ tó ń ṣe ló fi hù ú. Ọ̀gá ọlọ́pàá ìlú wa, Teague, gbé ẹsẹ̀ lé tábìlì dè é.

"Orrin, wọ́n kàn rán ọ wá gba atẹ́gùn ni o. Ẹjọ́ yìí ti parí."

"Tó bá ti parí, kí ló dé tí o ò tíì gbé e lọ sílé ẹjọ́? Gbé páálí ìbọn yẹn wá."

Ìbọn ṣì wà ní Frankfort, ṣùgbọ́n ohun tí iléeṣẹ́ dì mọ́ ọn wà nínú páálí: lẹ́tà kan àti àpòòwé kékeré kan. Bledsoe ka lẹ́tà. Wọ́n ní ìkọ́ kékeré tó ń fa èèpo ọta síta ti ṣẹ́ lẹ́nu, òun ló ń mú kí ìbọn há, àwọn ti pààrọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní nígbà tí àwọn tú u, àwọn tún rí i pé ọ̀pá ìbọn ti sán nínú, ohun tí oníbàárà kò mọ̀ sí, àwọn sì ti fi ọ̀pá tuntun sí i. Wọ́n ní àwọn yìn ín lẹ́ẹ̀mejì láti dán an wò, èèpo ọta méjèèjì sì wà nínú àpòòwé.

Bledsoe da àpòòwé sí àtẹ́lẹwọ́. Ẹyọ kan ló bọ́ síta.

"Méjì ni wọ́n kọ," ló wí.

"Wọ́n ṣì í kà ni," Teague dáhùn. "Ṣé áńgẹ́lì ni wọ́n?"

Bledsoe yí ìdí èèpo ọta náà sókè. Kò sí lẹ́tà ábídí kankan níbẹ̀ bó ṣe máa ń wà nídìí ọta tí wọ́n ń tà lọ́jà. Ìràwọ̀ kékeré kan ni wọ́n tẹ̀ sí i. Ó ní kí wọ́n fi fọ́tò èèpo ọta ibi ìpànìyàn han òun. Ìràwọ̀ ló wà níbẹ̀ náà.

"O rí i?" Teague na ọwọ́ méjèèjì. "Ìbọn kan náà, ọta kan náà. Kí lo tún ń wá?"

"Ẹni tó ta ọta náà fún un. Irú ọta wo lẹ bá nílé rẹ̀?"

"Páálí kan. Kò tíì ṣí i."

"Ìràwọ̀ ni àbí lẹ́tà?"

Teague gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tábìlì. "Lẹ́tà," ló wí, ohùn rẹ̀ sì ti wálẹ̀ díẹ̀.

Verna jókòó sórí ibùsùn onírin nínú àtìmọ́lé, ó ká apá mọ́ àyà. Kò dìde.

"Ta tún ni eléyìí?"

"Bledsoe lorúkọ mi, mà. Mo ní ìbéèrè díẹ̀."

"Èmi náà ní ọ̀kan. Maylee kì í jẹ búrẹ́dì tí wọn ò bá gé etí rẹ̀ kúrò. Ṣé wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀ níbi tí wọ́n gbé e lọ?"

"Mi ò mọ̀, mà."

"Ó dáa, ó kéré tán o kì í purọ́. Bèèrè tìrẹ."

"Ṣé lóòótọ́ lẹ sọ pé Clovis lẹ máa kọ́kọ́ fi dán ìbọn yẹn wò?"

"Mo sọ ọ́. Tí gbogbo ohun tí mò ń sọ bá ń ṣẹ ni, gbogbo ọmọ tó ń da omi ọsàn sílẹ̀ nínú ọkọ̀ mi ì bá ti kú tán."

Bledsoe kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ mì. "Nígbà tí ẹ délé, kí lẹ fi páálí ṣe?"

"Mo ka lẹ́tà, mo ti ìbọn mọ́ inú àpótí onírin nítorí ọmọ. Ó parí."

"Àpòòwé kékeré ńkọ́?"

"Mi ò fọwọ́ kàn án. Kí ni màá fi èèpo ọta ṣe?"

"Ta lẹ fi lẹ́tà náà hàn? Ta lẹ sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún?"

"Kò sẹ́nìkan." Obìnrin náà tú apá sílẹ̀ nígbà àkọ́kọ́. "Clovis ni mò ń fi í pamọ́ dè. Mo ti rò ó pé láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tí mo bá ti kó àwọn ọmọ délé ìwé, màá dúró sáàárín ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, màá kà á sókè ketekete. Ó ní ọwọ́ obìnrin ló rọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ọ̀rọ̀ yẹn fi há mi lọ́fun bí egungun ẹja. Ẹni tí mo fẹ́ kó gbọ́, ṣé òun náà ni màá lọ pa kó tó gbọ́? Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń lé e bá. Ṣùgbọ́n èmi ò ní ogún ọdún. Aago méjì ni mo ní."

"Mo mọ̀, mà," ni Bledsoe wí.

Lórí bẹ́ǹṣì iwájú ṣọ́ọ̀bù Clovis, Arvil Combs jókòó, ọwọ́ rẹ̀ lórí ọ̀pá.

"Ọmọ mi," ló wí, "tí ẹni tó gba nǹkan ẹni bá kú, ọwọ́ ta la ti ń gbà á?"

"Ẹ dákun, bàbá, irú ìbọn wo ni?"

"Èyí tí mo ti ní láti ogójì ọdún. Èmi ni mo fi igi asálà gbẹ́ èèkù rẹ̀, mo gbẹ́ orúkọ ìyàwó mi sí i: Opal. Ọlọ́run ti gba òun. Lonzo, ọmọṣẹ́ Clovis, ní òun ti fi ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́. Oṣù mẹ́rin! Ṣé wọ́n tún ń wa irin rẹ̀ jáde látinú ilẹ̀ ni?"

"Nígbà tí Lonzo gbà á, ṣé ó tú èèkù Opal yẹn, kó dá a padà fún yín?"

"Rárá o. Ó ní kí n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Bledsoe wo bàbá náà fún ìgbà díẹ̀ kó tó wọlé. Lára ògiri lẹ́yìn káńtà, wọ́n lẹ ìwé tí iléeṣẹ́ máa ń fi ránṣẹ́ sí gbogbo ṣọ́ọ̀bù: *Ohunkóhun tí kì í ṣe tiwa lára ìbọn, ẹ tú u fún oníbàárà kí ẹ tó fi ìbọn ránṣẹ́. A kì í dá a padà.* Ẹni tó bá ti ní ìbọn rí láàárín wa mọ òfin yìí sórí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pátákó dúdú wà, orúkọ oníbàárà márùn-ún ni wọ́n fi ẹfun kọ sí i lábẹ́ "Ó wà ní iléeṣẹ́". Arvil Combs ló ṣíwájú.

Lonzo Pruitt, tó ń tún ìbọn ṣe fún Clovis láti ọdún mọ́kànlá, jáde láti yàrá ẹ̀yìn, ó ń fi àkísà nu epo lọ́wọ́. Ọkùnrin gíga ni, tí ẹ̀rín kì í jìnnà sí lẹ́nu.

"Ẹ káàárọ̀, ọ̀gá. Ẹ má bínú sí ìdọ̀tí yìí. Látìgbà tí ọ̀gá wa ti lọ, mi ò rántí gbálẹ̀."

"Nígbà tí páálí Verna Tackett dé, ta ló gbà á?"

"Èmi ni mo buwọ́ lù ú, ọjọ́ Ẹtì tó kọjá. Ọ̀gá ò sí nílé. Ẹ̀yìn mi níbí ló wà títí di ọjọ́ Ajé tí obìnrin yẹn wá gbà á."

"Ṣé o ṣí i?"

"Nǹkan oníbàárà? Bó ṣe dé ni mo ṣe gbé e fún un."

"O ò ṣí i rárá."

"Ọ̀gá, mo ní mi ò ṣí i." Lonzo rẹ́rìn-ín. "Èmi ló dùn jù. Verna kì í ṣe èèyàn burúkú, ẹnu rẹ̀ ni. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Gbogbo wa la gbọ́ ohun tó sọ."

"Níbo lo wà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé?"

"Mo jáde ní aago márùn-ún, mo lọ dẹ ìwọ̀ sódò. Mi ò rí ẹja, ẹja ò rí mi."

"Ìwọ nìkan?"

"Èmi nìkan. Ẹni tó mọ̀ pé wọ́n máa bi òun ni ì bá wá ẹlẹ́rìí lọ."

Bledsoe kọ ọ́ sínú ìwé. Ó rìn dé ẹnu ọ̀nà yàrá ẹ̀yìn, ó sì wo àgbá iyanrìn. "Màá ní kí wọ́n wá gbé èyí lọ lọ́sàn-án yìí. Wọn á fi asẹ́ jọ̀ ọ́, wọn á yẹ ọta inú rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọta tó pa Clovis wà níbẹ̀, àpá ọ̀pá ìbọn tó yìn ín sì wà lára rẹ̀."

Àkísà dúró lọ́wọ́ Lonzo. "Ogún ọdún la ti ń yìnbọn síbẹ̀, ọ̀gá. Ẹ óò fi ọdún kan jọ̀ ọ́."

"Ìjọba ní àkókò."

"Tí wọ́n bá tiẹ̀ rí i, kí lẹ fẹ́ fi wé e? Ọ̀pá tuntun ni wọ́n fi sínú ìbọn Verna. Ọ̀pá tuntun kì í tíì ní àpá gidi tó máa fi sára ọta. Ẹ kàn fẹ́ náwó àwọn tó ń san owó orí ni."

Bledsoe pa ìwé rẹ̀ dé. "O ṣeun, Lonzo. Ìwọ lo mọ iṣẹ́, èmi ò mọ̀ ọ́n."

Ó jáde, ó wọ inú ọkọ̀ rẹ̀, ó sì tẹ nọ́ńbà iléeṣẹ́ tó wà lórí lẹ́tà. Obìnrin kan gbé e, ohùn rẹ̀ nípọn bí ohùn ẹni tó ti ń gbọ́ ẹ̀sùn láti àárọ̀.

"Ẹ̀ka wáránti. Kí ló ṣe ìbọn yín?"

"Ìbọn mi ò ṣe nǹkan, mà. Ẹnìkan ló kú."

"A ò ní wáránti fún ìyẹn o."

Bledsoe sọ ẹni tó jẹ́ fún un, ohùn obìnrin náà sì yí padà. Ó bi í nípa ìràwọ̀.

"Tiwa ni. Àwa la ń ṣe ọta tí a fi ń dán ìbọn wò, inú ilé yìí la ti ń yìn ín. A kì í tà á, a kì í fún èèyàn. Èèpo rẹ̀ méjì péré ló ń jáde níbí, inú àpòòwé oníbàárà ló sì ń lọ. Èmi àti ẹnìkejì mi la jọ ń kà á kí a tó lẹ̀ ẹ́."

"Ó ń dá yín lójú pé méjì ló wà nínú ti Verna Tackett?"

"Orúkọ mi ló wà lẹ́yìn àpòòwé yẹn. Ẹ wò ó."

Bledsoe wò ó. Ó wà níbẹ̀. "Ẹ̀dà lẹ́tà yẹn ńkọ́, mà, ṣé ẹ máa ń fi ránṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù?"

"Fún kí ni? Olówó ìbọn la ń kọ̀wé sí. Ẹ̀dà kan ló wà, inú páálí ló wà."

Bledsoe ka orúkọ márààrún tó wà lórí pátákó dúdú fún un. Ó gbọ́ tí obìnrin náà ń tẹ kọ̀ǹpútà.

"A ò rí ìkankan nínú wọn rí. Láti ọdún tó kọjá, ìbọn kan ṣoṣo ló ti ṣọ́ọ̀bù yẹn wá, ti Verna Tackett, Clovis Stroud ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ fi í ránṣẹ́." Ó tún tẹ kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan. "Ìbéèrè kan náà lòun náà bi mí láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ó ní bàbá arúgbó kan ò jẹ́ kí òun sinmi. Nígbà tí mo sọ fún un pé a ò rí wọn, ó dákẹ́ títí mo fi rò pé ìlà ti já. Ṣé òun ló kú?"

"Òun ni, mà."

"Ó kí mi dáadáa," ni obìnrin náà wí.

Aago mọ́kànlá kọjá díẹ̀ nígbà tí Bledsoe padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ó ti rán Teague lọ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ adájọ́ láti tú ọkọ̀ akẹ́rù Lonzo. Teague kọ́kọ́ ráhùn. Nígbà tí ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó dé fìlà, ó sì sáré. Bledsoe mú Arvil dání wọlé, ó fa àga fún un.

"Lonzo, bàbá fẹ́ ìbọn wọn."

"Mo ti sọ fún wọn pé ó wà ní iléeṣẹ́."

"Pẹ̀lú èèkù Opal lára rẹ̀?"

Lonzo tún gbé àkísà rẹ̀.

"Ọdún mọ́kànlá lo ti wà níbí. Ìwé yẹn wà lẹ́yìn orí rẹ. Ọmọ tó wọṣẹ́ lánàá mọ̀ pé iléeṣẹ́ á ju èèkù yẹn nù. Tí o bá fẹ́ fi ìbọn yẹn ránṣẹ́ lóòótọ́, ohun àkọ́kọ́ tí o máa ṣe ni kí o tú u fún bàbá. O ò tú u, nítorí pé ìbọn ò lọ síbì kankan."

"Mo gbàgbé ni. Èèyàn ò lè gbàgbé?"

"Lẹ́ẹ̀márùn-ún? Mo ti bá wọn sọ̀rọ̀. Wọn ò rí ìkankan nínú márààrún. Clovis náà bá wọn sọ̀rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé."

Arvil gbé ojú sókè. "Níbo ni ìbọn mi wà, Lonzo?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá sí i."

"Màá dá sí i. Tèmi ni."

Bledsoe fi èèpo ọta oníràwọ̀ lé orí káńtà. "Iléeṣẹ́ nìkan ló ní irú èyí. Kò sí ẹni tó lè rà á kó fi pa èèyàn. Méjì wà nínú àpòòwé Verna. Ọ̀kan rèé. Ìkejì ni a bá lábẹ́ tábìlì yín. Iléeṣẹ́ ló ti jáde nínú ìbọn, kì í ṣe níbí. Ẹnìkan ló mú un wá nínú àpò, ó ṣa èèpo ọta tó fi pa á kúrò nílẹ̀, ó sì fi èyí rọ́pò rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú. Ṣé o rò pé Verna á ru ẹ̀rí wá láti ilé láti fi de ara rẹ̀?"

"Verna lè ya wèrè. Kí ló kàn mí? Mi ò ṣí páálí yẹn."

"O sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà lo sọ fún mi pé wọ́n fi ọ̀pá tuntun sínú ìbọn Verna."

Ẹ̀rín Lonzo ṣì wà lẹ́nu, ṣùgbọ́n kò sí nǹkan lẹ́yìn rẹ̀ mọ́. "Ìbọn tó ń há. Mo rò ó ni."

"Ìbọn tó ń há, ìkọ́ la máa ń fura sí. Ìwọ lo mọ iṣẹ́, Lonzo. Kò sẹ́ni tó ń ronú kan ọ̀pá. Verna pàápàá kò mọ̀ títí ó fi ka lẹ́tà, kò sì sọ fún ẹnì kankan, nítorí Clovis ló fẹ́ kà á fún. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló wà, inú páálí ló wà. O ṣí páálí lọ́jọ́ Ẹtì, o ka lẹ́tà, o mú èèpo ọta kan, bóyá ò ń wá ohun tí o máa fi ta ko Clovis lọ́jọ́ tó bá ká ọ mọ́, bóyá ó kàn wù ọ́ ni. Mi ò mọ̀. Lọ́jọ́ Ajé, Clovis gbé fóònù sílẹ̀, ó bi ọ́ pé níbo ni ìbọn àwọn èèyàn wà. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni Verna sọ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, o ti rí ẹni tí o máa dì í rù."

Ilẹ̀kùn ṣí, agogo dún. Teague ló wọlé, ó gbé àpò ọ̀rá kan dání. Ìbọn ìléwọ́ kan wà nínú rẹ̀, igi asálà wà léèkù rẹ̀, epo ọwọ́ ogójì ọdún sì ti mú kó máa dán.

"Abẹ́ ìjókòó ọkọ̀ rẹ̀ ló wà," ni Teague wí. "Ó ti fi tówẹ̀lì wé e."

Arvil dìde. Ó gba inú gíláàsì ojú rẹ̀ wò ó dáadáa. "Òun nìyẹn," ló wí. "Ṣé ó ti ń ṣiṣẹ́?"

Kò sẹ́ni tó retí pé Lonzo máa dáhùn, ṣùgbọ́n ó dáhùn, bí ẹni tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ṣì ṣe pàtàkì lójú rẹ̀. "Spíríǹgì lásán ló ṣe é. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo fi tún un ṣe, lóṣù mẹ́rin sẹ́yìn."

"Ọwọ́ ta ló ti wà látìgbà yẹn?" Bledsoe bi í.

"Ọwọ́ àwọn tí òfin ò jẹ́ kí wọ́n rà." Lonzo jókòó sórí àpótí ọta. "Wọ́n ń háyà rẹ̀, wọ́n ń dá a padà. Kò sẹ́ni tó kú nínú ẹ̀. Clovis ní òun máa pe àwọn ọlọ́pàá ìjọba àpapọ̀ kó tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ọdún mọ́kànlá, ọ̀gá. Kò tiẹ̀ ní kí n jókòó kó tó sọ ọ́. Ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó ń ka nọ́ńbà ìbọn láti ara àpótí."

"Ìbọn bàbá lo fi yìn ín?"

Lonzo wo Arvil. "Òun ló sún mọ́ mi jù."

Bàbá náà na ọwọ́ sí àpò ọ̀rá, ó sì tún fa ọwọ́ rẹ̀ padà. Orúkọ ìyàwó rẹ̀ wà lórí ohun tó pa Clovis Stroud. Ó tẹ̀ síwájú, ó jáde, kò sì bèèrè ìbọn yẹn mọ́ láé, àní nígbà tí ìjọba kọ̀wé sí i pé kó wá gbà á.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ sọ láì fi epo bọ iyọ̀. Aago méjìlá ku ogún ìṣẹ́jú ni Lonzo jẹ́wọ́. Aago kan àti ààbọ̀ ni wọ́n tó tú Verna sílẹ̀. Wọ́n ń wá ìwé, wọ́n ń wá ẹni tó máa buwọ́ lù ú, ẹni náà lọ jẹun. Ẹ̀yin tí ẹ yára mú un lójú àwọn ọmọdé, ibo ni ìyára yẹn wà nígbà tó tó àkókò láti tú u sílẹ̀? Bledsoe fúnra rẹ̀ ló lọ fa akọ̀wé dìde nídìí ẹ̀wà àti búrẹ́dì àgbàdo rẹ̀.

Nínú ọkọ̀, Verna di àga mú. Ìrìn ogójì ìṣẹ́jú ni kóòtù.

"O ní Lonzo ni?"

"Lonzo ni, mà."

"Ó máa ń fún Maylee ní súìtì." Wọ́n já sí ojú ọ̀nà ńlá. "Clovis ò gbọ́ lẹ́tà mi."

"Kò gbọ́ ọ, mà."

"Ì bá bínú gan-an," ló wí, ó sì yí ojú sí fèrèsé kí ọkùnrin yẹn má bàa rí i.

Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ni wọ́n dé. Adájọ́ obìnrin náà ti gbé kálàmù. Agbẹjọ́rò ìjọba ti sọ pé kò sí mọ̀lẹ́bí kankan tó wà lárọ̀ọ́wọ́tó. Maylee jókòó lórí àga tó ga jù fún un, aṣọ tí kì í ṣe tirẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀, ó ń wo ilẹ̀.

"Ṣé ẹnikẹ́ni wà nínú ilé ẹjọ́ yìí," ni adájọ́ wí, "tó dúró fún ọmọ yìí?"

Ní àtìmọ́lé, wọ́n ti gba okùn bàtà Verna, kò sì sẹ́ni tó rántí dá a padà. Bàtà náà ń dún pà, pà, pà lórí ilẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Gbogbo èèyàn yíjú. Ọmọ náà gbé orí sókè.

"Màmá àgbà, bàtà yín fẹ́ bọ́," ni Maylee wí.

"Jẹ́ kó bọ́," ni Verna dáhùn, ó sì dúró níwájú adájọ́. "Èmi ni, mà. Èmi ni mo dúró fún un."